Olúlékè Nínú Sinimá Amí

Ọjọ́ Ajé, 5 Máàṣì, 1956
Lẹ́tà dé láti Lọ́ńdọ̀nù! Olúlékè, ọmọ ọmọ mi, ló kọ ọ́. Ọdún márùn-ún nìyí tó ti lọ kọ́ ìwé òfin, mi ò fojú kàn án. Mo ka ojú ewé kìíní fúnra mi — èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ábídí lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ó ní òun ṣeré nínú sinimá kan, ti àwọn amí tó ń jí àṣírí nígbà ogun Hítílà. Wọn yóò gbé e wá sí Ìdànrè ní Àbámẹ́ta. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun ni olórí amí. Lẹ́tà ò wí bẹ́ẹ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Máàṣì
Wọ́n ti gbọ́ ọ dé ìlú Aládé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 7 Máàṣì
Ojú ewé kejì le. Tísà Catherine bá mi kà á ní kíláàsì àwọn àgbà. "Yèyé, wọ́n á yìnbọn pa mí nínú rẹ̀. Ẹ má fòyà, eré ni." Kí n jókòó máa wo òkú ọmọ ọmọ mi? Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ — ká má tilẹ̀ sọ èyí tó dára. Bẹ́ẹ̀ àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Máàṣì
Kùdírátù ará ilé kejì — Aláriwo ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kò mọ̀wé, kò lè kà á — ní kí n lọ. "Yèyé, bó bá ku díẹ̀ kí wọ́n yìnbọn, màá fi gèlè mi bò yín lójú." Mo ní, "Ìwọ tí o ò gbọ́ òyìnbó, báwo lo ṣe máa mọ̀?" Ó ní ìbọn ò ní èdè.
Ìròyìn ò tó àfojúbà. Màá lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 11 Máàṣì
Ọ̀sán àná ni. Wọ́n fi aṣọ dúdú dí fèrèsé ilé-ìwé. Olúlékè yọ — ọdẹ tó ń ṣọ́ èbúté lásán, kì í ṣe olórí ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni! Mo dìde, mo ń fi oríkì kì í. Wọ́n ń bẹ̀ mí lẹ́yìn: "Yèyé, ẹ dákẹ́, ó fara pamọ́ ni, ọ̀tá á gbọ́!"
Ìbọn dún. Gèlè Aláriwo pẹ́. Mo rí i bó ṣe ṣubú. Mo bú sẹ́kún, mo ń wá ilẹ̀kùn.
Aláriwo fà mí láṣọ. "Yèyé, ẹ wẹ̀yìn! Ó ti ń gbé tíì!"
Òótọ́ ni. Olúlékè tèmi, pẹ̀lú irùngbọ̀n àlẹ̀mọ́, ń gbé tíì fún ọ̀gá sójà. Wọ́n pa á. Ó tún yọ, ó ń wa mọ́tò. Wọ́n tún pa á. Tísà ní owó onísinimá ni ò tó láti gba ẹlòmíràn. Nígbà tó ṣubú lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́: "Dìde, ọmọ Yèyé!" Èmi ni mo pariwo jù.

Ọjọ́ Ajé, 12 Máàṣì
Mo fi ọwọ́ ara mi kọ èsì, mi ò pe Tísà. "Olúlékè, mo rí ọ. O ti rù. Àwọn tó ń pa ọ́ yẹn, ṣé wọn kì í fún ọ lóúnjẹ ni?"