Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Méjì Inú Kúlà

Ẹ̀yìn Mọ́sálásí Àgbà,
Ìkòsí, Kétu,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Bàrákátù ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ara rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ olùkọ́ ńkọ́? Ṣé òjò Abẹ́òkúta kò le ju tiwa níbí lọ? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ ní ìlera, kí ó sì bá ọ ní ìjókòó. Èmi náà wà láàyè, ṣùgbọ́n àyà mi ń já láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ìyá rẹ ti pè mí. Ìdí tí mo fi fi ìwé rán Kabirat, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, dípò kí n pè ọ́ lórí fóònù, ni pé mo mọ ara mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, oríire ni n óo máa kí ọ, n óo sì tún gbé ọ̀rọ̀ tó kù mì.

Ìyá rẹ ní wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì, pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù. Inú mi dùn, mo ń fò sókè. Ó wá ní, "Karimot, AS ni Junaid ọkọ ìyàwó o, ṣùgbọ́n kò sí wàhálà. AA ni Bàrákátù, ṣebí ìwọ lo ṣe test ẹ̀ nígbà yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ṣe é. Mo ní omi ń hó lórí iná, mo sì pa fóònù. Kò sí omi kankan lórí iná.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, jẹ́ kí n rán ọ létí irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé yọ kúrò lára rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀gá Rahmon ní láàbù ọsibítù wa. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá náà ní, ògiri ilé onílé ni fèrèsé ọ̀hún sì dojú kọ. Ó máa ń sọ pé maikirosikópù ni fèrèsé tòun. Bí aago méjì bá lù, yóò kó gbogbo wa jáde lọ sídìí igi frúùtù, pé kí a lọ gba atẹ́gùn. Tó bá di Sátidé, kò sí ẹni tó lè rí i mọ́. Yóò wọ bàtà rọ́bà, yóò forí lé Ajégúnlẹ̀ létí odò, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi, yóò sì máa ka lékeléke. Bí omi bá kún tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbé ẹrù sórí tábìlì, yóò bá wọn gbé e, lẹ́yìn náà yóò wá béèrè bóyá wọ́n rí ẹyẹ tuntun. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lékeléke ni ìyàwó rẹ̀ kejì.

Àmọ́ kì í ṣeré nínú láàbù. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọ ara rẹ̀. Ìgò tí kò bá sì lórúkọ, dídà ni ká dà á nù, ì báà jẹ́ ti ọba. Ó máa ń wí pé, "Ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́. Àwa tá à ń kọ ọ́ sílẹ̀ la máa ń purọ́."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, nígbà tí o fẹ́ wọ girama, ilé ìwé ní kí wọ́n mú èsì jẹ́nótáìpù rẹ wá. Bàbá rẹ ní ká kúkú ṣe tìrẹ àti ti Màríyámọ̀ àbúrò rẹ pọ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ yín nílé láàárọ̀ Sátidé, ó fi báírò kọ orúkọ sórí plásítà tó lẹ̀ mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú kúlà oníyìnyín, ó sì gbé e wá fún mi. Ó ti wọ bàtà rọ́bà. Ó ní, "Karimot, kó wọn sí fíríìjì kíá o, kí yìnyín yìí tó yọ́." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ni mo bá gbé kúlà kalẹ̀, pé kí n sáré dé Mile 12 ra tòmátì kí ọjà tó kún. Mo pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé, yìnyín ti di omi, plásítà ti ṣí, báírò ti wọ omi lọ. Ìgò méjì wà níbẹ̀, kò sí èyí tó lórúkọ.

Mo pe bàbá rẹ títí, kò wọlé. Orí omi ló wà. Ó yẹ kí n da ẹ̀jẹ̀ náà nù, kí n sì jẹ́wọ́ ní Mọ́ńdè pé ọjà ni mo lọ. Ẹ̀rù bà mí, nítorí ó ti kìlọ̀ ọjà lílọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣe àyẹ̀wò náà. Ìgò kan jẹ́ AA, èkejì jẹ́ AS. Mo jókòó tì wọ́n. Màríyámọ̀ ni ibà máa ń dá dùbúlẹ̀, ìwọ ni ara rẹ máa ń le. Mo kọ AA fún ọ, mo kọ AS fún un. Èmi tí mo mọ̀ pé AS kì í ṣe àìsàn! Àní bó bá jẹ́ ibà la fẹ́ fi mọ̀ ọ́n, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó jẹ́ AA ni ibà máa ń yọ lẹ́nu jù. Àméfò ni, Bàrákátù, àméfò náà kò sì bọ́gbọ́n mu.

Ní Mọ́ńdè, bàbá rẹ wo èsì, ó dúpẹ́. Ó ti já òdòdó òṣíbàtà kan bọ̀ fún mi láti odò, ó fi í sínú ife láàbù lórí tábìlì mi. Mi ò lè wo òdòdó náà títí tó fi rọ.

Mo ń sọ fún ara mi pé ẹ óo tún un ṣe bí ẹ bá dàgbà. Ẹ ò ṣe é, nítorí ta ló máa yẹ èsì láàbù Ọ̀gá Rahmon wò? Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọ lù ú lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo lọ kí i, mo ti múra àtisọ ọ́. Ó ní kí wọ́n gbé àga òun jáde síta. Lékeléke ń bọ̀ láti odò ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fi ọwọ́ kan tó kù fún un kà wọ́n. Ó ní, "Bá mi kà á, Karimot. Ojú rẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Mo kà á. Mo gbé ọ̀rọ̀ tí mo bá wá padà lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kejì la sin ín.

Ẹ̀rù tó ń bà mí báyìí ju ti ọjọ́ náà lọ. Mo ti gba ẹ̀jẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọmọ tó jẹ́ SS. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ké bí egungun bá ń ro wọ́n, tí ìyá wọn á máa bẹ mí pé kí n rọra. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú rẹ ni mò ń rí lára àwọn ìyá náà. Mo bẹ̀ ọ́, kí wọ́n tó so yìgì, lọ ṣe àyẹ̀wò náà níbi tí wọn kò ti mọ orúkọ bàbá rẹ. Má dìde lórí àga títí o óo fi fojú ara rẹ rí orúkọ rẹ lára ìgò. Bó bá jẹ́ AA, bú mi, kí o sì ṣe ìgbéyàwó rẹ. Bó bá jẹ́ AS, mi ò mọ ẹnu tí n óo fi bá ìwọ àti Junaid sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọmọ tí o óo bí ru ẹrù àṣìṣe mi. Kí Ó ṣọ́ ọ lọ, kí Ó ṣọ́ ọ bọ̀, kí Ó sì tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni Aunty rẹ, tí bàbá rẹ gbẹ́kẹ̀ lé,
Karimot Shittu.

Àfikún: Mú Màríyámọ̀ dání lọ. Nítorí AS tí mo kọ fún un yẹn ló ṣe kọ Sherifdeen àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, torí pé AS ni ọmọkùnrin náà. Ọ̀dọ̀ mi níbí ló wá sunkún sí, èmi ni mo sì ń gbá a lẹ́yìn pé ó ṣe ohun tó tọ́. Sherifdeen ti gbéyàwó ní Ifákọ̀, wọ́n ti bímọ. Bí tìrẹ bá jáde ní AS, á jẹ́ pé AA ni tirẹ̀ látilẹ̀. Má sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ní kó wá bá mi nílé. Ẹnu mi ló ti gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.