Ẹyẹ Tó Kú Sórí Ẹyin

Ọmọbìnrin mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ara tèmi le, bí a bá yọ ti orúnkún tí o mọ̀ kúrò. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí àìsàn mọ ọ̀nà ilé rẹ. Mo ti kí ọ tán. Ó ku ìjà.

Lánàá, mo gba ẹ̀yìn wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí o jẹ́ ọ̀gá fún. Mo rí egungun ẹyẹ ńlá tí kò lè fò, èyí tí èmi àtìrẹ jọ hú jáde létí odò. O ti nà án ró, o la ẹnu rẹ̀ gbàgà, o fi ọmọláńgidi sábẹ́ èékánná rẹ̀, o wá kọ “Apànìyàn Ayé Àtijọ́” sára ògiri. Apànìyàn! Níbo ló ti rí ènìyàn pa, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì sí láyé?

Ojú rẹ la ṣe hú u jáde. Ó ká ẹsẹ̀ jókòó, ẹyin wà lábẹ́ àyà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di òkúta nínú ẹrẹ̀. Bóyá ìyá ni, bóyá bàbá ni, a kò mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé omi dé bá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó láti sá, kò sì dìde. Ìwọ gan-an lo sunkún lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo bi ọ́ ìdí tí o fi nà án ró, o ní, “Bàbá mi, ta ló máa sanwó wá wo ẹyẹ tó jókòó?” Háà! Inú bí mi débi pé mo fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ tí o máa ń sọ fún mi pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, àbí ti ẹyẹ kò kàn ọ́? Ẹyin tó tìtorí rẹ̀ kú, yàrá ẹrù lo jù ú sí, láàárín agolo ọ̀dà.

Àwọn ẹyin náà ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi báyìí. Jẹ́ kí ẹyẹ yẹn jókòó kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ń bọ̀ wá wò ó tó dé. Bí mo bá bá a lórí ìdúró, èmi fúnra mi ni yóò gbé ẹyin rẹ̀ wọlé lójú gbogbo àlejò, n ó sì sọ ẹni tó jẹ́ fún wọn. Bó bá wù ọ́, kí o ní kí wọ́n wọ́ bàbá rẹ síta.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí. Kò sì ní sí ẹni tí yóò purọ́ mọ́ ọ nígbà tí o kò bá lè fèsì mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí inú ń bí.

Àfikún: Má ṣe bá ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù jà. Èmi ni mo sọ fún un pé ìwọ lo ní kí n wá kó àwọn ẹyin náà. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò pa á mọ́ òkú.