Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́ta

Màámi ọ̀wọ́n,

Irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Àbúrò yín, Bọ̀dá Ọ̀ṣẹ́nì, ò lé mi. Èmi ni mo kúrò nílé wọn. Ẹ bá mi kí Karimot àbúrò mi. Ara mi le.

Wọ́n gbá mi létí lójú àlejò nítorí ẹnu mi, ọwọ́ mi sì fẹ́ẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n àwọn ló mú mi wá Lọ́ńdọ̀nù, mo bá kó lọ sí Barking Riverside, ìpẹ̀kun Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún.

Ìyáàfin Lin, ará Ṣáínà ibi iṣẹ́ wa, ní àkànlò èdè wọn kan nìyẹn: kéèyàn sún sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ọmọ ogun, nítorí ẹni tó ṣe é lóore.

Mo bi wọ́n pé, "Tí onítọ̀hún bá ṣì ń bọ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á jà nìyẹn."

Mi ò ka iye àwọn tó gbè mí lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí mọ́, kó má lọ jọ pé mò ń kógun jọ. Bọ̀dá ti ń béèrè ibi tí mò ń gbé. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn dúró. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Ọmọ yín,
Tàjù