Ìlẹ̀kùn Ẹ̀yìn Tó Ti Ara Ẹ̀ Pa

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Ìyàwó mi ṣubú ní kíṣínì lánàá. Mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, mo sáré. A dé ọsibítù, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kọjú sí àwọn nọ́ọ̀sì ti ti ara ẹ̀ pa, kò ṣí. Mo tẹ bọ́tìnnì — ó dákẹ́. Ìlẹ̀kùn kejì sì fẹ̀gbẹ́ kan ògiri. Kí n tó ríbáàsì ọkọ̀, kí wọ́n tó fà á jáde, àkókò ti lọ. Nọ́ọ̀sì ń pariwo pé ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ṣe pàtàkì. Apá ọ̀tún ẹ̀ kò ṣe é gbé mọ́. Ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu ẹ̀.
Èmi. Riwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ wá bá láti ìlú mẹ́ta. Pírámárì kẹta ni mo kà dé, àwọn tó ní sátífíkéètì ló ń pè mí lọ́gàá.
N kò sunkún. Mo kàn jókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ọmọ mi obìnrin — Adájọ́ ni mo ń pè é níbí, kò sẹ́ni tí kì í dá lẹ́jọ́ — béèrè ohun tó ṣe ìlẹ̀kùn. Mo ní ọkọ̀ ló gbó. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ọkọ̀ kì í gbó, ẹni tó ni ín ló ń ya ọ̀lẹ? Ẹ tú u, Bàbá. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀bi yín ni." Kò kí mi kó tó lọ.

Ọjọ́rú, 5
Òjò. N kò tú nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo tú páálí inú ìlẹ̀kùn. Fúùsì dáa. Àwọn ìlẹ̀kùn mẹ́ta yòókù ń dún kà, kà, kà. Ó ku mọ́tò kékeré tó ń fa lọ́ọ̀kì. Mo gbàdúrà pé kó ti jóná. Ta ló ń bẹ Ọlọ́run pé kí nǹkan òun bàjẹ́? Mo fa wáyà méjì wá fún un tààrà láti ara bátìrì.
Kà!
Ara ẹ̀ le ju tèmi lọ.
Ìlẹ̀kùn yìí ní orí kékeré kan létí wíńdò tẹ́lẹ̀, téèyàn lè fọwọ́ fà sókè tí iná bá kọ̀. Èmi ni mo gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí olè má baà fi wáyà kọ́ ọ. Mo fi yangàn káàkiri àdúgbò. Olè ò rí i ṣí lóòótọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ibì kan ló kù: inú rọ́bà tí wáyà gbà láti ara ọkọ̀ wọnú ìlẹ̀kùn. Mo mọ̀. N kò fọwọ́ kàn án, ọkọ̀ ẹlòmíì ni mo ń ṣe.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo yọ rọ́bà. Wáyà búlúù ti já — níbi tí èmi fúnra mi ti so ó. Mo lọ́ ọ, mo fi téèpù wé e, ó ti di ọdún méjì báyìí. Ibi tí ìlẹ̀kùn ti ń ká, a kì í so wáyà níbẹ̀. Odidi là ń fà. Èmi náà ló ń pariwo ẹ̀ létí gbogbo riwáyà. Lọ́jọ́ yẹn, ọkọ̀ oníbàárà ń dúró. Tèmi, mo ní màá padà sí i.
Òòlù, ọ̀rẹ́ mi tó ń lu bọ́dì ọkọ̀, yọjú wò ó. Ó ní, "Ọ̀gá, mọ́tò ló jóná. Ṣé ẹ gbọ́? Ta ló máa wá yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹnu òrofó ló ń pa òrofó o."
Mo fa wáyà tuntun. Odidi. Ó ṣí. Inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ní wọ́ọ̀dù. Mo jókòó ti ìyàwó mi, ọwọ́ òsì ẹ̀ — èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ — wà nínú tèmi. Adájọ́ tún béèrè. Mo ní mọ́tò kékeré ló jóná, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ṣáájú. Ó yọ̀ lẹ́nu mi geere.
Ọmọ náà kúnlẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì, lójú àwọn nọ́ọ̀sì. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ̀yin ni mo ń dá lẹ́bi." Mo ní kó dìde, ó ti tán.
Ìyàwó mi ló di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi lọ́jọ́ tí mo so wáyà yẹn. Ó bi mí nígbà náà pé ṣé kò ní já. Mo ní, "Tèmi kì í já."
Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ ohun tí mo sọ fún Adájọ́. Ó yíjú wò mí. Ó wá rọra fa ọwọ́ ẹ̀ yọ.