Ìkọ́ Ilẹ̀kùn Yàrá Ooru

Ilmari,

Mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́dọ̀ Hilja àbúrò mi ní Kuopio. Ọ̀la ni mo máa dé. Ọbẹ̀ ẹja oníwàrà wà lórí sítóòfù. Má gbàgbé oògùn aago mẹ́jọ.

Má bínú sí ìgbátí tí mo gbá ọ láàárọ̀ yìí. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í ṣe ẹni tí ìyá rẹ̀ ń gbá létí. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé tí o bá ti wọ yàrá ooru, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí. Tí o bá da omi sórí òkúta gbígbóná, tó dún ṣàà, mo mọ̀ pé wárápá ò gbé ọ ṣánlẹ̀. Àpá iná ọjọ́ tó gbé ọ ṣubú lu òkúta yẹn ṣì wà léjìká rẹ. Lónìí, n ò gbọ́ nǹkan kan. Mo já wọlé, mo bá ọ tí o jókòó jẹ́ẹ́, garawa omi rẹ kún dẹ́nu.

O ní, "Mọ́mì, ọdún méjì rèé tí wárápá ti fi mí sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ò tíì fi mí sílẹ̀."

Ọwọ́ mi ló dáhùn.

Òótọ́ lo sọ. Mò ń gbọ́ ṣàà yẹn lójú oorun. Tí ò bá dún, màá ta jí.

Mo ti kan ìkọ́ tí mo yọ lára ilẹ̀kùn nítorí wárápá yẹn padà sínú. Fi há a, kí o jókòó síbẹ̀ bó ṣe wù ọ́. Má da omi kankan nítorí mi. Ara mi nìkan ló lọ sí Kuopio. Etí mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá rẹ