Ẹkún Tí Wọ́n Pàtẹ́wọ́ Fún

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Àwa níbí wà, a kàn wà náà ni. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá rẹ ṣì wà ní títì, ara mi ò tíì gbé e láti gbá èérún igi tó fi sílẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé télọ̀ òdìkejì ọ̀nà, ẹni tí a ń pè ní Ó-dọ̀la, gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní wọ́n ti gba fèrè tí o fọn níwájú èrò sílẹ̀, pé gbogbo ayé ló ń gbọ́ ọ. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ nu àga fún un. Ọmọ mi, ó tẹ̀ ẹ́. Kò sí orin níbẹ̀, ẹkún ni. Ò ń ké, ò ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, àwọn èèyàn wá ń pàtẹ́wọ́! Háà! Mo ní ṣé kò sí abiyamọ kankan nínú yàrá yẹn ni?

Ó-dọ̀la ní orin ìgbàlódé ni, pé ohun tó bá wá sí kálukú lọ́kàn ló ń fọn. Ó tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́, mo já fóònù náà gbà. Ṣé igi ni ọ́ ni? O ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, èémí rẹ ò tíì balẹ̀, wọ́n tún fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo àdúgbò: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ tó bá ti di àsìkò oúnjẹ, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, kí wọ́n jẹ́ kí o sùn.

Ó wá ka ohun táwọn oníwèé ìròyìn kọ. Ọ̀kan ní kò lórí kò nídìí, ó fún ọ ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Jọ̀ọ́, lọ bẹ̀ ẹ́ kó fi méjì tó kù kún un, sọ fún un pé bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Èkejì ní iṣẹ́ ribiribi ni, pé o fọn ohùn kan láàárín rẹ̀ tí etí kankan ò gbọ́ rí. Irọ́ ló pa. Èmi ti gbọ́ ọ rí. Bí bàbá rẹ ṣe ń wá èémí nìyẹn lóru ọjọ́ tó kú, tí kò rí i. Èmi àti ìwọ nìkan la wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí a sin ín, omijé ò jáde lójú rẹ. O gbé báàgì rẹ, o ní iṣẹ́ ń dúró dè ọ́. Àwọn àbúrò bàbá rẹ ní òkúta ló wà láyà rẹ. Àṣé o gbé ẹkún náà lọ bá àwọn tí ò mọ ẹni tó kú. Ó dùn mí, ọmọ mi. Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Nítorí náà, owó ni mò ń tọrọ, àmọ́ kì í ṣe ti oúnjẹ. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àlọ nìkan ti tó. Tí o bá tún fẹ́ fọn ọ́n, ní kí wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún mi níwájú. Kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ tiwọn, kí ẹnì kan ṣáà wà níbẹ̀ tí yóò bá ọ sunkún.

Ọlọ́run má jẹ́ kí èémí tán láyà rẹ kí n tó dé.

Èmi ni ìyá rẹ.