Ààlà Gbèsè àti Àwo Oúnjẹ Àbúrò Yín

Dádì mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá ọkọ̀ yín ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń wà á, mo sì ti fìwà jọ yín tán: mi ò lè páàkì mọ́ àfi kí n fi ẹ̀yìn wọlé, kí imú ọkọ̀ kọjú sí ọ̀nà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé nílé iṣẹ́ kẹ́míkà yín ní Deer Park, ẹni tó bá páàkì bí ọ̀lẹ ló máa ń kẹ́yìn tí aago ewu bá dún. Cypress la wà o, kò sí kẹ́míkà kankan nítòsí àfi èyí tí aládùúgbò wa ń fín sí koríko rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn náà ni mo fi ń wọlé.

Mọ́mì wà dáadáa. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dáná bí ẹni tí àlejò ń bọ̀ wá bá. Owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń san fún wọn gẹ́gẹ́ bí opó yín, nítorí gbogbo ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù. Àbúrò yín, Àǹkú Káyọ̀dé, ṣì wà lọ́dọ̀ wa, nínú yàrá tí ẹ ń kó irinṣẹ́ sí. Látìgbà tí ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n, ìwọ̀nba ni wọ́n lè wa takisí lọ́sẹ̀. Ìjọba wá fún wọn ní káàdì oúnjẹ, òun ni wọ́n fi ń ra ìrẹsì àti ẹja tiwọn. Ẹ mọ Àǹkú. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn ń jẹ lára opó ẹ̀gbọ́n àwọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò rí ẹlòmíì sọ ọ́ fún. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jà, tí ẹ máa ń pe sẹ́nétọ̀ tó ti hu ewú ní ìwọ ọmọ yìí? Ká ní ẹ wà láyé nígbà tí wọ́n ń jà lórí ààlà gbèsè, tẹlifíṣọ̀n wa ì bá gbọ́ èébú.

Bó ṣe rí nìyí. Òfin ti sọ ibi tí ìjọba lè yá owó mọ, wọ́n sì ti yá a débẹ̀. Tí àwọn aṣòfin ò bá sún ààlà yẹn síwájú, ìjọba ò ní rówó san ohun tó yẹ kó san, owó Mọ́mì sì lè má wọlé. Àwọn aṣòfin kan wá fárígá pé àwọn ò ní sún un àfi tí wọ́n bá gé lára ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìní. Wọ́n fà á títí, wọ́n wá pàdé láàárín. Wọ́n á sún ààlà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, tí kò ní ọmọ kékeré nílé, gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń ṣiṣẹ́ tó iye wákàtí tí wọ́n dá, kó tó lè máa rí oúnjẹ gbà. Dádì, ta ni wọ́n ń bá wí bí kì í bá ṣe àbúrò yín? Oògùn Mọ́mì lápá kan, oúnjẹ Àǹkú lápá kejì, nínú ilé kan ṣoṣo!

Ẹ mọ ẹgbẹ́ onítẹ̀síwájú tí mo wà, àwọn tí ẹ máa ń pè ní ẹgbẹ́ aláriwo. A ṣèpàdé lórí ẹ̀, ẹnu ò kò. Àwọn kan ní ká rọ aṣojú wa nílé aṣòfin kó gba àdéhùn náà, torí pé tí ìjọba bá kùnà láti sanwó, tálákà náà ló máa kọ́kọ́ sunkún. Èmi ní rárá, ká dá a dúró. Mo sọ fún wọn bí a ṣe ń pín ẹran nílé wa. Èmi àbíkẹ́yìn ni mo máa ń pín in, ẹ̀yin àgbà á mú, èmi á mú kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ gé e wọ́gọwọ̀gọ, mo mọ̀ pé èyí tó bá kéré jù, tèmi ni. Mo ní àwọn tó pín òfin yìí ti mú tiwọn kí wọ́n tó gbé àwo dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní ẹni tó bá halẹ̀ mọ́ni lẹ́ẹ̀kan, tó rí gbà, yóò tún padà wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi o, orí mi wú. Wọ́n ní kí n mú Àǹkú wá, ká jọ lọ sí ọ́fíìsì aṣojú, kí wọ́n lè fojú rí ẹni tí ebi fẹ́ pa.

Nígbà tí mo sọ fún Mọ́mì, wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀wà tí inú bá ń bí wọn, ó tiẹ̀ sàn kí wọ́n gbá èèyàn létí. Ṣé ẹ̀yin náà rò pé mi ò nífẹ̀ẹ́ Mọ́mì ni? Mo gbà pé tí a bá dúró gbọin, àwọn tó ń halẹ̀ yẹn ló máa kọ́kọ́ rọ̀, owó Mọ́mì á wọlé, Àǹkú náà á jẹun. Mo gbà á tọkàntọkàn.

Àǹkú ò sọ pé àwọn ò lọ. Ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í tètè sọ pé òun ò ṣe nǹkan. Mo kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ láti Cypress títí tí a fi sọ̀ kalẹ̀ lórí òpópónà fíríwéè. Wọ́n wọ kóòtù yín aláwọ̀ eérú, ọwọ́ rẹ̀ gùn jù wọ́n lọ. Wọ́n kàn ń mi orí.

Dádì, ẹ ì bá rí àbúrò yín ní ọ́fíìsì yẹn! Wọ́n kí ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kí ẹ̀ṣọ́, wọ́n béèrè àlàáfíà ìdílé aṣojú tí kò tiẹ̀ sí nílùú. Wọ́n tẹríba fún akọ̀wé tó fẹ́ gbọ́rọ̀ wa, ọmọ tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wo aago. Nígbà tí Àǹkú wá dé ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n sọ gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn: ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, takisí, káàdì oúnjẹ. Ó pé pérépéré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bẹ aṣojú pé kó jọ̀ọ́, kó gba àdéhùn náà wọlé. Wọ́n ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n àwọn ń lo oògùn. Wọ́n ní àwọn lè wá oúnjẹ kiri, ṣùgbọ́n oògùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wá kiri.

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Kò sẹ́nì kankan nínú ẹgbẹ́ wa tó lè wo ojú mi. Nínú ọkọ̀, mo fẹ́ pariwo pé ẹnu wọn ni mò ń jà fún, pé ta ló rán wọn níṣẹ́ akọni. Àǹkú tan rédíò, wọ́n ń fi ìka lu ẹsẹ̀ wọn sí orin. Wọ́n ní kí n má sọ fún Mọ́mì, mi ò sì sọ.

Àdéhùn náà wọlé. Wọ́n sún ààlà. Owó Mọ́mì dé lọ́jọ́ tó yẹ kó dé, wọ́n ra oògùn wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó yá, wọ́n dá káàdì Àǹkú dúró torí pé wákàtí iṣẹ́ wọn ò pé.

Ni Àǹkú bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Àǹkú Káyọ̀dé tiwa yìí, tó jẹ́ pé nínú oṣù ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, ìdí firíìjì lẹ ti máa ń bá wọn! A kọ́kọ́ rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wọn. Ìgbà tí ààwẹ̀ ò wá lópin mọ́ ni Mọ́mì fura. Lọ́sàn-án Sátidé kan, Mọ́mì gbé ọbẹ̀ lọ sí yàrá irinṣẹ́ láìkan ilẹ̀kùn, wọ́n bá Àǹkú tí wọ́n ń jẹ gàrí gbẹrẹfu. Kò sí ẹ̀pà, kò sí ṣúgà, omi gan-an wọn ò bù sí i.

Ohun tí Mọ́mì fi ẹnu ṣe lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò gbọ́. Wọ́n ní ṣé Àǹkú fẹ́ kí ayé sọ pé àwọn febi pa àbúrò ọkọ àwọn ni. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo sọ ohun tí Àǹkú sọ ní ọ́fíìsì. Ariwo Mọ́mì gé bí ìgbà tí iná lọ. Wọ́n jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ yín, wọ́n bu ọbẹ̀ sínú àwo fún Àǹkú, omijé ń bọ́. Wọn ò gbéra níbẹ̀ títí Àǹkú fi jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà, ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n ń sè fún gbogbo wa, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ nílé yìí láìtọrọ àyè.

Dádì, mo ṣì gbà pé ó yẹ ká dá òfin yẹn dúró. Mọ́mì ní kí n má sọ ọ́ mọ́, mò ń sọ ọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn mi lẹ máa wà, àbí ẹ̀yìn àbúrò yín? Ó ti wá dùn mí jù pé mi ò lè gbọ́ ohùn yín lórí ẹ̀. Ẹ ì bá tiẹ̀ bú mi.

Ọ̀rọ̀ ààlà gbèsè tún ti gbérí báyìí. Wọ́n ti yá owó débẹ̀ padà, wọ́n sì tún ti ń wá ibi tí wọ́n máa gé. Láàárọ̀ yìí, Àǹkú múra, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sí ọ́fíìsì aṣojú. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ lọ sọ. Ohun tí wọ́n sọ nígbà yẹn náà ni: oògùn Mọ́mì. Mo sunkún díẹ̀, mo sì gbé wọn lọ.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín gidigidi, tó sì ń bá yín jiyàn títí dòní.